Áísìkirímù tí wọ́n dín ọ̀rá rẹ̀ kù: kí ló ṣẹ́ kù sínú ike náà?

Nígbà tí Mọ́mì wá kí wa ní Houston, kò sí alẹ́ kan tí wọn kì í jẹ áísìkirímù. Àtọ̀gbẹ wà lára wọn, ojú mi sì wà lára wọn. Bí mo bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀, wọn á kọjú ike náà sí mi, wọn á fi ìka gbá ìdérí rẹ̀: "Ṣé o ò rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni? Wọ́n ní àwọn ti dín in kù." Òótọ́ ni, wọ́n kọ "reduced fat" síbẹ̀ gàdàgbà. Ọ̀rá ni wọ́n dín kù. Ṣúgà tí dókítà ní kí Mọ́mì ṣọ́ra fún ṣì wà níbẹ̀ digbí.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló sọ mí di ẹni tó ń ka ẹ̀yìn ike. Àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ náà wá ń bi mí ní tiwọn, mo sì to ìbéèrè wọn jọ síbí. Iye tí ẹ máa bá pàdé wá láti inú àkọsílẹ̀ USDA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀. Fánílà ni mo mú, torí pé kò sí ṣokoléètì tàbí bísíkíìtì tó máa da ìṣirò rú, 100 gíráàmù ni mo sì fi wọn gbogbo rẹ̀.

Kí ni "reduced fat" túmọ̀ sí gan-an?

Ó túmọ̀ sí pé ọ̀rá inú rẹ̀ fi ìdá 25 nínú 100, ó kéré tán, dín sí ti irú rẹ̀ tí wọn ò dín kù. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ló fi òfin de ọ̀rọ̀ náà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ "light" sí i, ó yẹ kí ìdajì ọ̀rá ti lọ tàbí kí ìdá kan nínú mẹ́ta kálórì ti lọ. Bí ó bá jẹ́ "low fat", ọ̀rá inú ìwọ̀n ìjẹ kan kò gbọdọ̀ ju 3 gíráàmù lọ. "Fat free" kò gbọdọ̀ tó ìdajì gíráàmù. Èyí tó kàn ń jẹ́ áísìkirímù lásán, ọ̀rá mílíìkì inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 10 nínú 100.

Nínú gbogbo wọn, "reduced fat" ni òfin rẹ̀ rọ̀ jù. Ohun tó sì yẹ kéèyàn béèrè ni pé: ó dín sí ti ta? Áísìkirímù olówó gọbọi wà tí ọ̀rá rẹ̀ tó 16 gíráàmù nínú 100. Bí ẹni tó ń ṣe é bá yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò, 12 ló kù. Fánílà gbẹ̀fẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò dín kù, 11 ni tirẹ̀. Ike tí wọ́n kọ "reduced fat" sí lè tipa bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rá ju ike tí wọn ò kọ nǹkan kan sí lọ, láìsí pé ẹnikẹ́ni purọ́. Òfin ní kí wọ́n kọ èyí tí wọ́n fi wé e sítòsí ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́tà rẹ̀ máa ń kéré, àmọ́ ẹ wá a, ẹ máa rí i.

Ṣé nǹkan tuntun ni?

Rárá. Àwọn èèyàn wa tó ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà á rántí "ice milk", tí ọ̀rá mílíìkì inú rẹ̀ wà láàárín ìdá 2 sí ìdá 7. Ní 1994 ni FDA yọ orúkọ yẹn kúrò nínú ìwé òfin, tí wọ́n wá gbà kí wọ́n máa pè é ní áísìkirímù, bí wọ́n bá ṣáà ti kọ "reduced fat", "light" tàbí "low fat" ṣíwájú rẹ̀.

Ẹ fi iye hàn wá. Kí ló wà nínú 100 gíráàmù?

Fánílà gbẹ̀fẹ́ ni iye àkọ́kọ́, fánílà "light" ni èkejì. Ti "reduced fat" sábà máa ń bọ́ sáàárín méjèèjì.

Kálórì: 207, 180.
Ọ̀rá: gíráàmù 11, gíráàmù 4.8.
Ọ̀rá tó ń dì, tí wọ́n ń kọ "saturated fat" sí: gíráàmù 6.8, gíráàmù 2.9.
Kọlẹ́sítẹ́róòlù: mílígíráàmù 44, mílígíráàmù 27.
Kaboháídíréètì: gíráàmù 23.6, gíráàmù 29.5.
Ṣúgà, tó wà nínú kaboháídíréètì yẹn: gíráàmù 21.2, gíráàmù 22.1.
Púrótéènì: gíráàmù 3.5, gíráàmù 4.8.
Kálíṣíọ̀mù: mílígíráàmù 128, mílígíráàmù 161.
Sódíọ̀mù: mílígíráàmù 80, mílígíráàmù 74.

Ẹ fara balẹ̀ wo ìlà ṣúgà. Kò dín. Ó tilẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kan sókè.

Ọ̀rá ti lọ ju ìdajì lọ, kí ló dé tí kálórì ò tẹ̀ lé e?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí pé ìdáhùn rẹ̀ ṣeé fi ọwọ́ kà. Gíráàmù ọ̀rá kan ń fún ara ní kálórì 9. Gíráàmù kaboháídíréètì tàbí púrótéènì kan ń fún un ní 4. Nínú ìṣirò òkè yẹn, ọ̀rá tó jáde tó gíráàmù 6.2, ìyẹn kálórì 56. Àmọ́ kaboháídíréètì tó wọlé dípò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 6, èyí dá kálórì bíi 24 padà. Púrótéènì tó lé sí i dá bíi 5 padà. Ohun tó gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde, ìdajì rẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Kálórì 27 péré lèrè tó kù.

Wọn ò kàn ṣàdédé fi nǹkan rọ́pò. Iṣẹ́ ńlá ni ọ̀rá ń ṣe nínú áísìkirímù: òun ló ń jẹ́ kó tẹ́jú lórí ahọ́n, òun ló ń di atẹ́gùn inú rẹ̀ mú, òun náà ló ń gbé òórùn fánílà dé imú wa. Yọ ọ́ kúrò láìfi nǹkan kan dí i, omi inú rẹ̀ á dì gan-gan, wàá sì máa rún yìnyín lẹ́nu bí ẹni jẹ iyanrìn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kó mílíìkì oníyẹ̀fun tí kò lọ́ràá sí i, àti púrótéènì omi wàrà, àti maltodextrin tàbí polydextrose.

Ẹ fi maltodextrin sọ́kàn. Ara sítáṣì ni wọ́n ti ń ṣe é, púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í sì í hàn lórí ìlà ṣúgà. Àmọ́ tó bá ti dénú, kì í pẹ́ tó fi ń di gúlúkóòsì. Irú nǹkan báyìí ló ń mú kí kaboháídíréètì fi gíráàmù 6 ga sókè nígbà tí ṣúgà fi gíráàmù kan péré lé.

Mo ní àtọ̀gbẹ. Ṣé ó dára fún mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?

Ní ti ṣúgà, rárá. Ìlà tí ẹ̀yin yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò ni "Total Carbohydrate", kì í ṣe ọ̀rọ̀ iwájú ike. Ohun mìíràn tún wà tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́: ọ̀rá máa ń jẹ́ kí oúnjẹ pẹ́ díẹ̀ nínú ikùn kó tó kọjá. Bí ọ̀rá bá dín, tí ṣúgà ò dín, ṣúgà náà lè tètè dé inú ẹ̀jẹ̀.

Mi ò sọ pé kí ẹ padà sí olọ́ràá o. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ní láti ṣọ́ ọkàn rẹ̀ náà, ọ̀rá tó ń dì kò sì dáa fún ọkàn. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ má tìtorí ọ̀rọ̀ ojú ike bu ìlọ́po méjì. Ìwọ̀n tí ẹ̀ bá máa bu tí ó bá jẹ́ olọ́ràá, òun náà ni kí ẹ bù. Ẹ jẹ ẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ tó ní ẹ̀fọ́ àti ẹran tàbí ẹ̀wà, dípò kí ẹ jẹ ẹ́ sí ikùn òfìfo, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ yín yẹ ṣúgà wò lẹ́yìn wákàtí méjì. Tí ẹ bá ń lo insulin, ẹ bá dókítà yín sọ ọ́ kí ẹ tó yí ohunkóhun padà.

Kí ni "Added Sugars"?

Ṣúgà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn dà sí i. Mílíìkì ní ṣúgà tirẹ̀ láti ara màlúù, ìyẹn kì í sí nínú iye yìí. 50 gíráàmù lóòjọ́ ni ìwé ara ike fi ṣe gbèdéke ní Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ọkàn níbẹ̀, American Heart Association, le jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n ní kí obìnrin má kọjá 25, kí ọkùnrin má kọjá 36.

Ìwọ̀n ìjẹ kan, èló ni?

Tẹ́lẹ̀, ìdajì kọ́ọ̀pù ni wọ́n ń kọ sára ike. FDA yí i padà ní 2016 sí ìdá méjì nínú mẹ́ta kọ́ọ̀pù, torí pé òun gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń jẹ. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e ní 2020, àwọn kékeré ní 2021. Tí ẹ bá rí i pé kálórì ara ike tí ẹ ti ń rà látọjọ́ pípẹ́ ga sókè nígbà yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òṣùwọ̀n ló yí padà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan mo gbé òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun sórí tábìlì. Mọ́mì bu tiwọn bí wọ́n ṣe ń bù ú, sínú abọ́ ọbẹ̀ aláwọ̀ ewé tí wọ́n fẹ́ràn. Mo yọ ìwọ̀n abọ́ kúrò. 240 gíráàmù ló kù. Mo wá fi kọ́ọ̀pù bu ìwọ̀n ìjẹ kan sínú abọ́ mìíràn, ó jẹ́ 90. Mọ́mì wo abọ́ méjèèjì, wọ́n ní, "Èyí tó wà nínú kékeré yẹn, ọmọdé ló ni ín." Mo ṣírò rẹ̀ lójú wọn. Bí ó bá jẹ́ "light" fánílà ló wà nínú abọ́ ńlá, kálórì 432 ni, ṣúgà inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 53. Ṣíbí tíì kan ń gba ṣúgà bíi gíráàmù 4. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í da ṣúgà sínú ife òfìfo ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé ìkẹsàn-án, Mọ́mì di ọwọ́ mi mú pé ó tó. Mẹ́rin ṣì kù.

Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn, abọ́ kékeré ni wọ́n ń lò. Mi ò tún bá wọn sọ ọ́ mọ́.

Kí ló dé tí ike méjì tó ga bákan náà fi máa ń wúwo jura wọn lọ?

Atẹ́gùn ni. Wọ́n máa ń lù ú wọ inú áísìkirímù nígbà tó bá ń dì. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń fi atẹ́gùn sọ ohun tí wọ́n pò di ìlọ́po méjì. Àwọn olówó gọbọi kì í fi púpọ̀ sí i. Òfin Amẹ́ríkà ò fàyè gba kí gálọ́ọ̀nù áísìkirímù kan wúwo dín sí pọ́n-ùn 4.5. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ fi ike wé ike, gíráàmù ni kí ẹ wò. Kálórì tó kéré lórí ìlà ìwọ̀n ìjẹ lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀.

Ṣé kò wá sí àǹfààní kankan lára rẹ̀ ni?

Ó wà, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń bú u. Gbèdéke ọ̀rá tó ń dì lórí ìwé ara ike jẹ́ 20 gíráàmù lóòjọ́. 100 gíráàmù fánílà gbẹ̀fẹ́ ti gba 6.8 níbẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta. "Light" gba 2.9. Fún ẹni tí dókítà ti sọ fún pé kọlẹ́sítẹ́róòlù rẹ̀ ga, ìyàtọ̀ gidi nìyẹn. Púrótéènì àti kálíṣíọ̀mù rẹ̀ náà ga jù, nítorí mílíìkì oníyẹ̀fun tí wọ́n fi kún un.

Fítámì A ńkọ́? Inú ọ̀rá ló ń gbé, tí ọ̀rá bá lọ, ó ń bá a lọ. Òfin ní kí wọ́n dá a padà, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí "vitamin A palmitate" láàárín àwọn èròjà.

Inú mi máa ń kùn tí mo bá jẹ ẹ́. Ṣé ọ̀rá tí wọ́n yọ ló fà á?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ mílíìkì tó wà nínú rẹ̀. Ṣúgà inú mílíìkì, tí wọ́n ń pè ní lactose, nílò èròjà kan nínú ìfun tó máa fọ́ ọ. Ọmọ ọwọ́ gbogbo ló ní in. Ọ̀pọ̀ wa máa ń pàdánù rẹ̀ bí a ṣe ń dàgbà. Ní 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, oníṣègùn ọmọdé tó padà di mínísítà ètò ìlera Nàìjíríà, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet lórí bí àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà ṣe ń gba lactose sára. Láàárín àwa Yorùbá, agbára náà ti ń lọ láti kékeré, agbára káká ni wọ́n fi rí àgbàlagbà tó ṣì ní in. Láàárín àwọn Fúlàní darandaran, èyí tó pọ̀ nínú wọn ló ṣì ní in. Ìtàn wa àti tiwọn pẹ̀lú màlúù kì í ṣe ọ̀kan náà, ikùn wa sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ó ti kan áísìkirímù wa ni pé nígbà tí wọ́n bá yọ ọ̀rá tí wọ́n sì fi mílíìkì oníyẹ̀fun dí i, lactose ń pọ̀ sí i. Ẹni tí olọ́ràá ò ṣe nǹkan kan fún lè jẹ "light" kí inú rẹ̀ máa hó yeye. Kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe pé mílíìkì jẹ́ èèwọ̀ ara ẹni náà. Púpọ̀ nínú àwọn tí ara wọn ò gba lactose lè fara da bíi gíráàmù 12 lẹ́ẹ̀kan, bíi ti inú ife mílíìkì kan, pàápàá tí wọ́n bá ti jẹun. Ìbù kékeré kan kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n ń ta oògùn oníhóró tó ní èròjà náà nínú, bẹ́ẹ̀ ni áísìkirímù tí wọ́n kọ "lactose free" sí wà.

Guar gum, carrageenan, kí ni gbogbo èyí?

Nǹkan tó ń mú kó ki ni, tí kì í jẹ́ kí yìnyín dì sínú rẹ̀. Ara kóró èso ni wọ́n ti ń mú guar gum, ara ewéko inú òkun ni carrageenan ti ń wá. Ìwọ̀nba bíńtín ni wọ́n ń lò.

Èyí tó ní kò sí ṣúgà rárá ńkọ́?

Wọ́n máa ń fi erythritol, maltitol tàbí sorbitol dùn ún. Kálórì erythritol fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, ti maltitol kò kéré tó bẹ́ẹ̀, ó sì tún ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè díẹ̀. Sorbitol àti maltitol máa ń ṣí ìgbẹ́. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ yẹn sára oúnjẹ tí irú èròjà wọ̀nyí bá ti ju ìdá 10 nínú 100 lọ nínú rẹ̀. Ẹ má jẹ odindi ike lálẹ́ tí ẹ bá máa rìnrìn àjò láàárọ̀.

Ṣé kí n máa fún ọmọ mi ní èyí tí ọ̀rá rẹ̀ dín?

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì nílò ọ̀rá mílíìkì fún ọpọlọ àti ìdàgbàsókè rẹ̀, kò sì yẹ kó máa jẹ ṣúgà àfikún rárá. Méjèèjì kọ́ ni tirẹ̀.

London ni mo wà. Ṣé bákan náà ni?

Òfin tiyín le díẹ̀ sí i: ìdá 30 nínú 100 ni ọ̀rá gbọ́dọ̀ fi dín. Ẹ tún ní àmì aláwọ̀ mẹ́ta tí àwọn ilé ìtajà ńlá ń tẹ̀ síwájú ike. Ọ̀rá tó ń dì á di pupa tó bá kọjá gíráàmù 5 nínú 100, ṣúgà á di pupa tó bá kọjá 22.5. Ẹ wá padà wo iye òkè: fánílà gbẹ̀fẹ́ á gba pupa lórí ọ̀rá tó ń dì, "light" kò ní gbà á. Ṣúgà "light" jẹ́ 22.1, ó fi ìwọ̀nba bíńtín bọ́ lọ́wọ́ pupa. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín.

Ti Nàìjíríà ńkọ́, irú èyí tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń tà?

Ẹ ka ohun tí wọ́n fi ṣe é. Bí ẹ bá rí "vegetable fat" níbẹ̀, ẹ wò ó bóyá wọ́n dárúkọ èkùrọ́ tàbí àgbọn. Àdín ni ìyẹn, kò sí orúkọ mìíràn tó ń jẹ́. Àdín èkùrọ́ àti òróró àgbọn máa ń dì ju ọ̀rá mílíìkì lọ: nínú gíráàmù 100 àdín, bíi 80 ni ọ̀rá tó ń dì, nígbà tí ti mílíìkì lé díẹ̀ ní 60. Ọ̀rá lápapọ̀ lè kéré kí èyí tó ń dì má fi bẹ́ẹ̀ kéré. Ẹ sì rí i dájú pé nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀.

Ṣé mo lè ṣe é fúnra mi nílé?

Ẹ bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n dáadáa, tí ara rẹ̀ ti ní tóótòòtó dúdú. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ tẹ́ ẹ sínú firísà di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá dà á sínú ẹ̀rọ ìlọta pẹ̀lú ṣíbí mílíìkì méjì. Á kọ́kọ́ rún bíi gààrí, ẹ má dá a dúró, ẹ máa fi ṣíbí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wálẹ̀. Lójijì ló máa yí padà, á tẹ́jú, á sì máa fà bí áísìkirímù gan-an. 100 gíráàmù ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní kálórì 89, ṣúgà bíi gíráàmù 12, ọ̀rá rẹ̀ kò tó ìdajì gíráàmù. Ẹ jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, torí pé tó bá padà sí firísà, ṣe ló ń le bí òkúta. Mọ́mì máa ń wọ́n ẹ̀pà sísun sórí tiwọn. Ẹ̀pà lọ́ràá, ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé kan ti tó.